Agbẹ́rin Tó Sọ Ojú Ọ̀nà Nù

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí odò là sí méjì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Agbẹ́rin ni gbogbo ìlú ń pè é. Bí irin inú ẹ̀rọ ìlọta bá jẹ, agbẹ́rin. Bí bóòtì tó di ẹsẹ̀ mọ́tò mú bá kán, agbẹ́rin. Bí ọmọdé bá ki orí bọ inú ìkòkò tí orí kò sì yọ mọ́, agbẹ́rin náà ni ìyá rẹ̀ ń sáré gbé e lọ bá. Ó ti yọ méjì rí, àwọn méjèèjì ti di bàbá ọmọ báyìí.

Jókòó dáadáa, Àwẹ̀ró, kí o gbé ẹsẹ̀ rẹ lé àpótí. Ìtàn náà kò gùn, èmi tó ń sọ ọ́ ni mo máa ń gùn.

Iṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ agbẹ́rin tó ń kó o lọ́kàn sókè ju gbogbo ìyókù lọ. O mọ bóòtì, o sì mọ nọ́ọ̀tì. Bí o bá wo ara bóòtì, wàá rí ọ̀nà tóóró kan tó lọ́ yí i ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí èèpo ọsàn ṣe ń lọ́ nígbà tí ẹni tó mọ ọsàn bó bá ń bó o. Ọ̀nà yẹn ni nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé. Tẹ́lẹ̀, èmi rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gé e bí a ṣe ń bó ọsàn. Rárá o. Irin kì í gbà bẹ́ẹ̀. Irin náà á máa yí, abẹ á kọ́kọ́ ha á lára fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èékánná ológbò bá kan ọwọ́ ènìyàn. Abẹ á wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á tún gba ọ̀nà kan náà, á jìn sí i díẹ̀. Á tún padà. Á tún gbà á. Ìgbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọ̀nà náà tó jìn tó. Ẹni tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan lòun fẹ́ gé e, abẹ rẹ̀ á kán, tàbí kí irin rẹ̀ ya.

Nítorí náà, kì í ṣe gígé ni ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn. Pípadà ni. Bí abẹ bá padà wá tí kò bọ́ sínú ọ̀nà tó ti là tẹ́lẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni yóò là gba orí ti àkọ́kọ́ kọjá. Méjèèjì á bàjẹ́. Nọ́ọ̀tì kò ní wọ̀ ọ́, bó bá sì wọ̀ ọ́, kò ní dì í mú.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí abẹ á fi máa mọ ọ̀nà ilé. Apá irin kékeré kan wà lára ẹ̀rọ. Bí agbẹ́rin bá tẹ apá yẹn wálẹ̀, abẹ á so mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa fà á lọ. Bó bá gbé apá náà sókè, abẹ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, agbẹ́rin á sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kíá. Ẹ̀gbẹ́ apá yẹn ni aago kékeré kan wà tó ní nọ́ńbà lójú. Nọ́ńbà tó bá tẹ apá lé lọ́jọ́ náà, orí nọ́ńbà yẹn ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ lé títí iṣẹ́ á fi parí. Abẹ á sì máa bọ́ sínú ọ̀nà rẹ̀ bí adìyẹ tó mọ ilé.

Àmọ́ ẹ̀rọ agbẹ́rin yìí ti dàgbà. Íǹṣì ni àwọn tó ṣe é fi wọ̀n ọ́n, íǹṣì nìkan ni aago rẹ̀ sì gbọ́. Bí wọ́n bá gbé irin tí wọ́n fi mílímítà wọ̀n wá, aago náà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Á ṣì máa yí o, á ṣì máa fi nọ́ńbà hàn, ṣùgbọ́n irọ́ ni nọ́ńbà náà ń pa. Kì í ṣe pé aago burú. Ọ̀rọ̀ tí kò yé e ni wọ́n ń bi í.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá agbẹ́rin fún un fún irú irin bẹ́ẹ̀, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ní, “Má gbé apá sókè títí iṣẹ́ á fi parí.” Bí abẹ bá dé òpin, fà á kúrò lára irin, dá ẹ̀rọ dúró, kí o jẹ́ kí ẹ̀rọ yí padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, kó gbé abẹ padà lọ́nà tó gbà wá. Jẹ́jẹ́. Bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹsẹ̀ á máa dùn ọ́, ẹ̀yìn á máa dùn ọ́, ẹni tó bá ń wò ọ́ á sì rò pé o kò mọ nǹkan kan.

Ní ọdún kan, lásìkò òjò, odò ìlú náà kún débi pé kò sí ọkọ̀ àjẹ̀ tó lè dá a gbà kọjá. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló kù tó ń ná ìhà kejì, ọkùnrin àgbà kan ló ni ín. Ọlọ́kọ̀ yìí ní ọmọbìnrin kan tó wà nílé ọkọ ní òdìkejì odò. Ọdún méje ló fi wá oyún kó tó rí i. Oyún náà ti wọ oṣù rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti sọ pé ọmọ dábùú nínú, pé ilé ìwòsàn ńlá tó wà lápá ìhín ni kó wá bí i sí, kí wọ́n má dán nǹkan mìíràn wò. Wọ́n ti fi ọjọ́ Ẹtì sí i pé yóò kọjá. Ọjọ́bọ̀ ni irin ọkọ̀ jẹ. Irin yẹn ló mú abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú nínú omi. Ojú ọ̀nà tí nọ́ọ̀tì fi ń dì í mú ti parẹ́ pátápátá, abẹ̀bẹ̀ sì rì sódò.

Ọlọ́kọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ó lo ọjọ́ méjì. Abẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ó rà á. Irin wà níbẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Wọn kò tíì gé ọ̀nà sí i lórí. Oníṣòwò ní bí ẹyọ yẹn bá lọ, oṣù tó ń bọ̀ ni òmíràn ń bọ̀. Ọlọ́kọ̀ gbé irin náà lé itan bọ̀ láti ìlú ńlá dé ṣọ́ọ̀bù agbẹ́rin, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹyọ kan ni o.”

Agbẹ́rin ní, “Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Kò sí èkejì rẹ̀.”

“Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Irin náà gan-an ti gbọ́.”

Agbẹ́rin wọ̀n ọ́n, ó wọ̀n nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mílímítà ni. Ó mí kanlẹ̀, ó fi irin sórí ẹ̀rọ, ó tẹ apá wálẹ̀, ó ní, “Ó di ìgbà tó bá parí.”

Obìnrin kan tó ń ránṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀, fèrèsé kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ó ń wo ọlọ́kọ̀ bó ṣe ń jókòó, tó ń dìde, tó ń lọ dé ẹnu ọ̀nà, tó ń padà. Ó ní, “Bàbá, ẹ jókòó. Ìrìn tí ẹ ti rìn láàárọ̀ yìí, ká ní orí omi lẹ ti rìn ín ni, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín.”

Ọlọ́kọ̀ ní, “Ìyá Ìbejì, máa rán aṣọ rẹ.”

“Mò ń rán an. Ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ mi gbọ́ràn.”

Agbẹ́rin gé e ní ẹ̀ẹ̀kíní. Ó fa abẹ kúrò, ó dá ẹ̀rọ dúró, ó yí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn. Ó gé e ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ó ń ta epo sí i, epo ń rú èéfín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀nà náà ti ń hàn. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ sẹ́nu ọ̀nà, torí ọ̀ràn ọkọ̀ yẹn kan gbogbo ìlú. Ẹni tí iṣu rẹ̀ wà lókè odò wà níbẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lókè odò wà níbẹ̀, ẹni tí kò ní nǹkan kan lókè odò náà wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Kí ló dé tó fi ń lọ́ra báyìí? Nígbà tó ṣe ti ẹ̀rọ gààrí wa, kò pẹ́ tó èyí.”

Ẹlòmíràn ní, “Bóyá ẹ̀rọ náà ti darúgbó.”

Ẹ̀kẹta ní, “Ẹ̀rọ kọ́ ló darúgbó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Etí agbẹ́rin gbọ́. Àyà rẹ̀ náà gbọ́. Ó gé e ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó gé e ní ẹ̀ẹ̀keje.

Abẹ wà lẹ́nu ẹ̀ẹ̀kẹjọ nígbà tí fóònù ọlọ́kọ̀ dún. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni. Ọlọ́kọ̀ gbọ́, ó rọra gbé fóònù lé itan. Ó ní, “Ìrọbí ti ń mú un láti ìdájí. Agbẹ̀bí wọn ní kò ní jẹ́ òní, àmọ́ kò ní kọjá ọ̀la.” Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ.

Àkókò yẹn gan-an ni abẹ dé òpin ọ̀nà. Ọwọ́ agbẹ́rin fà á kúrò lára irin bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ọlọ́kọ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbé apá sókè fúnra rẹ̀. Ó gbá kẹ̀kẹ́ ọwọ́ mú, ó yí abẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ wàràwàrà, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ìró kẹ̀kẹ́ náà ló ta á jí. Ìró tó rọrùn ni, ẹ̀rín ẹ̀rọ ni. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo apá tó dúró sókè.

Jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ dáadáa, ọmọ mi. Kì í ṣe ọwọ́ aláìmọ̀ ló ṣe é. Ọwọ́ aláìmọ̀ ì bá máa gbọ̀n, ì bá máa rántí òfin. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ jù ló ṣe é.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rọ ń yí, irin ń yí, gbogbo rẹ̀ ń dán. Aago kékeré ń yí pẹ̀lú, nọ́ńbà ń kọjá: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọkàn agbẹ́rin ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, ẹ̀ta ni mo rí nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ apá wálẹ̀, àbí ẹ̀ta kọ́? Ó ní, aago yìí kò já mi kulẹ̀ rí. Ó ní, bí mo bá tẹ apá wálẹ̀ nísinsìnyí, ó lè bọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí apá.

Ọlọ́kọ̀ ní, “Ọ̀gá, tẹ̀ ẹ́, ká máa lọ.”

Àwọn ènìyàn ní, “Tẹ̀ ẹ́.”

Àwẹ̀ró, ìṣẹ́jú tí agbẹ́rin fi dúró níbẹ̀ kò tó èyí tí ènìyàn fi ń mu omi ife kan. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun kò tíì gbé ẹrù tó wúwo tó apá kékeré yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ìka kan tó láti gbé e. Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó pa ẹ̀rọ.

Ó ní, “Mo ti sọ ojú ọ̀nà nù.”

Ọlọ́kọ̀ ní, “Kí lo wí?”

“Mo gbé apá sókè. N kò gbọdọ̀ gbé e. Ẹ̀bi mi ni.”

Ọlọ́kọ̀ ṣí fìlà lórí, ó fi bo ojú. Nígbà tó ṣí ojú, ó ti bínú. Ó ní, “O ti ba irin náà jẹ́? Ẹyọ kan yẹn? Lójú ọ̀ràn ọmọ mi?”

Agbẹ́rin ní, “Kò tíì bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà tí a ti gé ṣì wà lára rẹ̀, kò síbi tó lọ. Abẹ ló lè bà á jẹ́, abẹ kò sì tíì tún kàn án. Mo máa wá ọ̀nà náà. Bí mo bá rí i, a ó máa lọ.”

“Bí o kò bá rí i ńkọ́?”

Agbẹ́rin kò parọ́ fún un. Ó fi àkísà nu epo kúrò lára irin. Ó kọjú sí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi.”

Wọ́n kùn. Ẹnì kan ní kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ fi tó nígbà tó ń ṣe dáadáa. Ẹnì kan ní òun mọ oníṣẹ́ mìíràn ní ìlú kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n kúrò, oòrùn sì wọlé.

Agbẹ́rin tẹ apá wálẹ̀, abẹ sì jìnnà sí irin. Kò tan ẹ̀rọ. Ọwọ́ ló fi yí irin náà síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ohun gbogbo inú ẹ̀rọ fi fà le, tí kò sí èyí tó ń mì mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ wo ẹnu abẹ àti ọ̀nà tó wà lára irin. Ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju owú ìránṣọ lọ, ojú agbẹ́rin sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó pajú, ó pajú. Ó gbé ọwọ́ lé irin, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i, ó ní, “Níbo la dé?”

Ọlọ́kọ̀ ní, “Mo gbé. Ó ti ń bá irin sọ̀rọ̀.”

Ìyá Ìbejì dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. “Ẹ jẹ́ kó bi í. Irin nìkan ló mọ̀.” Ó ti dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó já bébà funfun kan lára èyí tó fi ń gé ọrùn aṣọ, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sì na bébà náà sí abẹ́ irin kí ohun tó wà lókè lè hàn. Ó ní, “Bí owú bá já láàárín aṣọ, n kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ọwọ́ ni mo fi ń yí abẹ́rẹ́ títí yóò fi bọ́ sójú ihò tó kẹ́yìn. Ẹ sún abẹ wá, mò ń wò ó.”

Agbẹ́rin fi kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà nídìí abẹ sún un, láìgbé apá sókè.

“Orí òkè ló jókòó sí. Kò sí nínú kòtò.”

Ó sún un.

“Ó ti kọjá. Ẹ dá a padà. Díẹ̀. Mo ní díẹ̀, bàbá, iṣu kọ́ lẹ ń wa.”

Ó dá a padà. Òógùn ń kán sílẹ̀ láti igi imú rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ di fóònù mú bí ẹni di ẹyin mú.

“Ó ti wọ inú rẹ̀, àmọ́ ó fara ti ọ̀tún.”

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

Ìyá Ìbejì tún bébà náà nà. Ó mú ojú súnmọ́ ọn. Ó ní, “Mo rí funfun lọ́tùn-ún. Mo rí funfun lósì. Ó jókòó.”

Agbẹ́rin kò tíì gé e o. Ó fa abẹ sẹ́yìn ní ìwọ̀n irun kan, ó wá tan ẹ̀rọ kó rọra lọ, kí abẹ gba inú ọ̀nà náà láìfi ẹnu kan ibì kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó wọ ọ̀nà kìíní, ó wọ èkejì, ó wọ ẹ̀kẹta, bí ejò tó ń wọlé sínú ihò ara rẹ̀. Kò ha nǹkan kan. Agbẹ́rin dá ẹ̀rọ dúró, ó yí i padà sẹ́yìn. Apá wà nílẹ̀. Ó bọ́ bẹ́líìtì ara ṣòkòtò rẹ̀, ó fi di apá náà mọ́lẹ̀ gírígírí, ó sì fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú. Ìyá Ìbejì ní, “Ẹ̀rọ ti wọ bẹ́líìtì, ọ̀gá rẹ̀ ló kù tí kò wọ̀ ọ́.” Ọlọ́kọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú rẹ̀.

Agbẹ́rin tún gé e ní ìgbà mẹ́fà. Kò sí ẹni tó ní kó yára mọ́. Nígbà tí oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó bọ́ sára ògiri, ó fi ìka méjì mú nọ́ọ̀tì, ó fi sí ẹnu irin, ó yí i. Ó wọlé. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé ìdí. Ó gbá a mú, ó mì í. Kò mì.

Wọ́n de irin mọ́ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ọlọ́kọ̀ la omi yẹn já lọ, ó la á já bọ̀, ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ẹní láàárín ọkọ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ọmọ náà délé ayé nílé ìwòsàn ńlá kí oòrùn tó kan àtàrí. Obìnrin ni. Ìyá Ìbejì ní bó bá jẹ́ tòun ni, Bóòtì ni wọn ì bá sọ ọ́. Wọn kò gbà. Àmọ́ títí di òní, bí ọmọ yẹn bá ṣorí kunkun, ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà ń pè é nìyẹn.

Ó ku ibì kan. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́kọ̀ padà wá dúpẹ́. Ó bi agbẹ́rin pé, “Ká ní o tẹ apá yẹn wálẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́, nígbà tí a ní kí o tẹ̀ ẹ́?”

Agbẹ́rin mú irin àlòkù mẹ́rin jáde lábẹ́ tábìlì. Òun náà ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, kò sì lè sùn. Ó ti gé ọ̀nà mílímítà sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé apá sókè láàárín iṣẹ́, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lójú nọ́ńbà kan náà. Mẹ́ta nínú wọn dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ ti tàn. Ọ̀nà gba orí ọ̀nà, kò sí èyí tó ṣe é lò. Ẹ̀kẹrin dán, ó mọ́lẹ̀ rekete.

Ọlọ́kọ̀ mú ẹ̀kẹrin. Ó ní, “Èyí bọ́ sí i.”

Agbẹ́rin ní, “Òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ká ní òun ni mo bá pàdé lọ́jọ́ náà, ǹ bá rò pé ọgbọ́n ni. Ǹ bá tún ṣe é lọ́jọ́ mìíràn.”

Àwẹ̀ró ọmọ mi, inú mi dùn pé o wá. Má rò pé mò ń lé ọ. Láti ìgbà tí o ti gbé báàgì wọlé lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń jẹun dáadáa, torí pé mo rí ẹni bá jẹ. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni fóònù yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ. O ń tẹ ọ̀rọ̀, o ń pa á rẹ́, o ń tún òmíràn tẹ̀. Mo ń wò ọ́.

Ìwọ àti ọkọ rẹ, ọdún mẹ́fà lẹ ti ń gé ọ̀nà yìí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lẹ gé e, ẹ̀yin méjèèjì mọ ìyẹn. O sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni ọkọ rẹ ń sọ lọ́jọ́ tí o kúrò nílé, pé ara ìyá náà kò yá, pé òun fẹ́ kí ìyá náà wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Mo bi ọ́ pé kí ló sọ tẹ̀ lé e, o ní o kò mọ̀, o ti dìde. Ṣé o rí i? Ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà nígbà tí o gbé apá sókè. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi yá ọ lára.

Kò tíì bàjẹ́. Gbọ́ mi dáadáa, kí àyà rẹ fi balẹ̀ díẹ̀. Dídìde tí o dìde kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tí o bá tẹ̀ ránṣẹ́ nísinsìnyí ló lè bà á jẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ń pè láti àná pé kí o sọ báyìí, kí o má sọ báyìí, kí o tètè ṣe é. Wọ́n fẹ́ràn rẹ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n sì ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọ. O tún sọ fún mi pé nígbà tí ẹ jà lọ́dún tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ ilé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni o fi ránṣẹ́, ó sì tán. Bẹ́ẹ̀ ni. Irin kẹrin nìyẹn. Ó bọ́ sí i. Ti ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, má fi nọ́ńbà tọdún tó kọjá tẹ apá lé e.

Pa ohun tí o tẹ̀ yẹn rẹ́. Pe ọkọ rẹ, kó gbọ́ ohùn rẹ. Bó bá gbé e, má tíì sọ ìdí tí o fi bínú, má tíì sọ ìdí tí o fi lọ. Sọ pé, “Mo dìde kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Níbo la dé?” Kí o wá dákẹ́. Bó bá pẹ́ kó tó dáhùn, máa dákẹ́ nìṣó. Òun nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí lára rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, jókòó sínú rẹ̀ ná, má gé nǹkan kan. Nígbà tí o bá rí funfun lọ́tùn-ún, tí o rí funfun lósì, ẹ wá máa lọ, jẹ́jẹ́. Má sì tún gbé ọwọ́ kúrò títí yóò fi parí.

Ó yá, pè é. Èmi náà ń dìde lọ sẹ́yìnkùlé lọ gé ẹ̀fọ́, kí n má dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọ.